Ilé Ẹ̀yìn Ìjàpá àti Ewé Ìgbélùú

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé, orí Ìjàpá ló bà lé, níbi tó ti ń wá ewé ìgbélùú. Àríkẹ́, bí oorun bá ń kùn ọ́, wọlé lọ sùn. N kò ní tún un sọ.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nínú igbó. Omi gbẹ, iṣu ń kú sínú ebè. Àwọn ẹranko gbọ́ pé òjò ń rọ̀ ní Òkè-Odò, ìlú àwọn ẹyẹ, ni wọ́n bá di ẹrù. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàdédé wọ Òkè-Odò. Lékèélékèé ni akọ̀wé ẹnubodè, aláṣọ funfun tí kì í rẹ́rìn-ín. Àlejò yóò tò sórí ìlà, yóò mú onílé kan wá tó gbà láti gbà á sílé, yóò sì bá onílé náà roko fún ọdún kan gbáko. Lékèélékèé yóò kọ ibi tí ilé wà sórí ewé, yóò tẹ ẹsẹ̀ lé e. Ewé ìgbélùú nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní in nígbà tí oṣù tuntun bá lé, inú ọ̀dá ni wọn yóò dá a padà sí.

Ìjàpá gbọ́ "roko," ara rẹ̀ bù máṣọ. Ọ̀yà aboyún ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà. Ó ní, "Bàbá Ìjàpá, ta ni ẹ mú ṣe onílé?"

"Onílé kẹ̀? Wo ẹ̀yìn mi dáadáa. Ta ló nílé jù mí lọ?"

Ó kàn án. Lékèélékèé ní, "Onílé yín dà?"

"Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Èmi gan-an ni onílé. Ilé mi rèé, mo gbé e dání."

Lékèélékèé ṣí ìwé òfin, ó wá a títí. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní ilé kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ẹni.

"Níbo ni ẹ fẹ́ gbé ilé yìí sí?"

"Abẹ́ igi ọsàn yẹn."

Ó kọ ọ́, ó tẹ ẹsẹ̀ lé e. Ìjàpá gba ewé, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn.

Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́ ni, ẹ̀yin ọmọ yìí, à bá ti lọ sùn. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kì í jẹ́ kí Ìjàpá gbádùn. Ó nahùn sí àwọn tó wà lórí ìlà: "Ta ló ń wá onílé? Èmi rèé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni roko. Iṣu mẹ́ta péré, ẹ ti di ará ilé mi."

Òkété kó iṣu wá, Ehoro kó iṣu wá. Ọ̀yà ro ti ọmọ inú rẹ̀, ó kó mẹ́ta tó kù ú kù sílẹ̀. Lékèélékèé ń kọ, ó ń tẹ ẹsẹ̀. Ìwé òfin kò ní kí ó béèrè iye yàrá, kò sì béèrè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọgbọ̀n ẹranko ló ń gbé ẹ̀yìn Ìjàpá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òǹgbẹ gbẹ Ìjàpá. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ìgbà náà ni Lékèélékèé ń wo ilé kiri. Ó dé abẹ́ igi ọsàn, ó bá òkìtì iṣu àti ọgbọ̀n ẹranko nínú oòrùn.

"Ilé yín dà?"

Wọ́n nawọ́ sódò. Ó bá Ìjàpá níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà nínú omi.

"Bàbá Ìjàpá, ẹ ti kó kúrò."

"Omi ni mo wá mu."

"Ilé yín ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn mi."

"Abẹ́ igi ọsàn ni ewé yín wí. Ẹni tó bá kó kúrò, ewé rẹ̀ ti rọ nìyẹn. Ẹ padà sórí ìlà, àtẹ̀yin àtàwọn ará ilé yín."

Ọgbọ̀n ẹranko fi èébú wẹ Ìjàpá, wọ́n kó iṣu tí kò tíì jẹ. Ọ̀yà kò bú u. Ó lọ bẹ Àparò àgbà, Àparò gbà á sílé. Ó ń fi oyún roko títí ó fi bí ọmọ méjì sínú koríko tútù.

Ìjàpá ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́fà ló fi wà lórí ìlà. Ó kàn án.

"Níbo ni ilé wà?"

"Iwájú yín níbí."

Lékèélékèé kọ ọ́. "Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gba ewé yín."

Ìjàpá gbé ẹsẹ̀ kan. Lékèélékèé wo ilẹ̀, ó sì ya ewé náà. "Ẹ tún ti kó kúrò."

Ó kù ọ̀la kí oṣù lé. Omi bọ́ lójú Ìjàpá. Ó rí Ọ̀yà tó ń pọn omi kọjá, ó ní, "Ọ̀yà, ọmọ mi, bá mi bẹ Àparò. N ó roko. Ọdún méjì, n ó roko."

Àánú ṣe Ọ̀yà. Ó bẹ Àparò, Àparò gbà, wọ́n jọ lọ bá akọ̀wé. Lékèélékèé ṣí ìwé. "Onílé ni Bàbá Ìjàpá. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Onílé kì í ṣe àlejò ẹnikẹ́ni."

Ìjàpá ní, "Ẹ bá mi pa á rẹ́."

"Àfi kí ẹ bọ́ ilé náà sílẹ̀."

Ìjàpá fà á. Ọ̀yà bá a fà á. Ilé kò bọ́. Nígbà tí oṣù lé, wọ́n sìn ín sọdá odò, wọ́n dá a padà sínú igbó tó gbẹ, òun àti ilé rẹ̀.

Títí di òní, bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀, á yára fa orí wọlé. Ó rò pé Lékèélékèé ló wá bi í níbi tí ilé rẹ̀ wà.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá dé ìlú onílùú, kó gbà pé àlejò ni òun. Ẹni tó sọ ara rẹ̀ di onílé nítorí oko ọdún kan àti iṣu mẹ́ta, ilé náà ni yóò lé e lọ. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí Lékèélékèé má tẹ ẹsẹ̀ lé ewé mi láéláé.