Àfikún Kejìlá

Ọkùnrin kan wà ní Ṣakí, olùkọ́ ìṣirò ni, tó gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ kí àwọn èèyàn lè máa ti ibi tí wọ́n wà wá bára wọn ṣe géèmù lórí rẹ̀. Ìlú ni wọ́n ń kọ́ nínú géèmù náà. Ẹni tó wà ní Ìwó á mọ ilé, ẹni tó wà ní Kétu á dá oko sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Olùkọ́ fẹ́ràn ìlú yìí bí ẹni tó bí i lọ́mọ.

Nígbà tó yá, géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Èèyàn á ní kí ilẹ̀kùn ṣí, á dúró títí, kò ní ṣí. Àwọn kan bínú lọ. Nínú ogójì èèyàn, ó ku mẹ́tàlá. Àyà olùkọ́ já, nítorí ìlú tí kò bá ti sí èèyàn mọ́, ahoro ni.

Àwọn tó ń ṣe géèmù yìí a máa kọ àfikún fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn kí ó lè yá tàbí kí ó lè dùn sí i. Méjìlá ló wà lórí kọ̀ǹpútà olùkọ́. Bí nǹkan bá ń falẹ̀, àṣà wọn ni kí wọ́n yọ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ yọ ti ará Ìwó, kò yá. Ó yọ òmíràn títí dé ìkọkànlá, kò yá. Inú bí i, ó sọ fún ará Ìwó pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ló ṣe. Ìyẹn bá tirẹ̀ lọ. Ó wá ku èèyàn méjìlá.

Obìnrin kan, télọ̀ ní Kétu, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé sí ìlú náà. Òun ló pe olùkọ́ lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, méjìlá lẹ ní ó wà, mọ́kànlá lẹ yọ wò. Èyí tó kù ńkọ́?”

“Èmi ni mo kọ ìyẹn. Kò lè ṣe nǹkan kan.”

“Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

“Ó ń yẹ gbogbo ilẹ̀kùn ìlú wò láìsinmi, kí olè má baà wọlé.”

“Nígbà tí ẹ kọ ọ́, ilẹ̀kùn mélòó la ní?”

“Mẹ́sàn-án.”

Olùkọ́ ìṣirò ni, kò sẹ́ni tó bá a ṣe ìyókù. Ilẹ̀kùn ìlú ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ó yọ àfikún kejìlá, ilẹ̀kùn sì ṣí wéré. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í. Ọjọ́ náà gan-an ló kọ̀wé bẹ ará Ìwó. Títí di òní, ìyẹn ò tíì padà.

Alága, ìdí tí mo fi ní kí o dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé nìyí. O ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ń pẹ́, èèyàn ò wá mọ́. O yọ orin, ó ń pẹ́. O yọ akọ̀wé lóyè, ọmọlúàbí èèyàn, ó ṣì ń pẹ́. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Nígbà tí a jẹ́ méje, ìwọ a máa kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, o ń béèrè aya, o ń béèrè ọmọ. Ó dùn mọ́ wa nígbà náà. A ti di ọgọ́jọ báyìí, o ṣì ń kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, yọ ìkíni náà wò. Ṣùgbọ́n kí ó tó di Sátidé, lọ sílé akọ̀wé.