Àkùkọ Níbi Ìdíje Ìbéèrè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé ogbe orí Àkùkọ. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì bá mi gbe orin rẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Ọ̀bọ ló ń ta ẹmu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kéde ìdíje: ẹni tó bá dáhùn èyí tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè mẹ́ta ni yóò gba agbè ẹmu kan àti oyè Ọ̀mọ̀ràn Ìlú. Inú Àkùkọ dùn dé ìdí, torí kì í kúrò nílé ẹmu náà bọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ níbẹ̀. Ó fò sórí àga, ó ń kọrin:

Ẹ bi mí o, ẹ bi mí.
Kékéréke!
Kò sóhun tí n kò mọ̀.
Kékéréke!

Ọ̀bọ bi í pé, "Ẹsẹ̀ mélòó ni aláǹtakùn ní?"

"Mẹ́jọ!"

"Odò wo ló gùn jù nílẹ̀ wa?"

"Odò Ọya! Ẹ bi mí ní èyí tó le!"

Ọ̀bọ họrí. "Ó dáa. Ẹyin mélòó ni ìyàwó rẹ sàba lé?"

Àkùkọ wòkè, ó wolẹ̀. Ó béèrè pé, "Ìyàwó mi ti yé ni?"

Ilé ẹmu bú sẹ́rìn-ín. Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́ wọlé, ló dáhùn: "Mọ́kànlá ni. Ó ti pa gbogbo wọn níjẹta."

Bí Ìgbín ṣe gba agbè nìyẹn.

Àkùkọ sáré relé. Òròmọdìẹ kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó láti ogbe dé èékánná, ó sì kígbe: "Màmá, àlejò kan dé o!"

Bí mo bá purọ́, kí Àkùkọ má kọ lọ́la.