Gílóòbù Yàrá Ìyá

Ọkùnrin kan wà tí Ọlọ́run bá kọ́ ilé. Kò pẹ́ tó kó wọ ilé náà tó ní òun máa mú ìyá òun wá láti abúlé, nítorí obìnrin yìí ló fi òwò epo pupa rán an lọ sílé ìwé, ó sì ti pinnu pé ìyá òun kò ní darúgbó sínú òkùnkùn.

Kí ìyá tó dé, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta nǹkan iná, ó ní kí wọ́n fún òun ní gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù lọ. Òǹtajà bi í pé yàrá wo ló fẹ́ gbé e sí. Ó ní, "Yàrá màmá mi ni. Ṣé màmá mi ni kí n wá tan iná bàìbàì fún?" Òun fúnra rẹ̀ ló gun àga, tó yọ gílóòbù kékeré tó wà níbẹ̀, tó fi tuntun síbẹ̀. Yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Ó gbé kékeré náà lọ sílé ìdáná, nítorí àlejò kì í wọ ibẹ̀.

Ìyá dé, ó wòkè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì súre fún ọmọ rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Kò tó oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní àárò ilé ló ń sọ òun. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á fa gèlè bo iwájú orí, á lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jẹun dáadáa mọ́. O kúkú mọ̀ wá. Bí ìyá ọkọ bá ti ní òun ń lọ, ìyàwó la ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọkùnrin yìí pe ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Kí lo ṣe fún màmá mi?" Ìyàwó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Kò gbà á gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò sọ̀rọ̀ kọjá pé kí wọ́n kí ara wọn.

Ìyá ti dá ọjọ́ Sátidé pé òun máa lọ. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni gílóòbù yàrá rẹ̀ jó, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ wọlé láti tún bẹ̀ ẹ́. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti tú gèlè, ó ń fi iná tó ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ẹ̀gúsí, ó sì ń kọrin. Ojú ti ọmọ. Ó sáré lọ gbé gílóòbù tuntun mìíràn wá, ó fẹ́ gun àga, ni ìyá bá di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ọmọ mi, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi, iná yẹn, bí iyanrìn ló ń rí lójú mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, màmá?"

"Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ gbé e síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa dúpẹ́ tán, kí n tún máa ṣàròyé? Ìyàwó rẹ ò ṣẹ̀ mí o. Ọmọ dáadáa ni."

Ọkùnrin náà lọ sílé ìdáná láti tọrọ àforíjì. Ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà lábẹ́ gílóòbù kékeré, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan atẹ. Ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó gun àga, ó gbé iná ńlá sí ilé ìdáná, ó sì mú kékeré padà sí yàrá ìyá. Ìyàwó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Ìṣọ̀lá. Látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé kékeré yẹn síbí ni mo ti ń fún ojú pọ̀ kí n tó ríran." Nígbà tí Sátidé dé, ìyá ò lọ mọ́. Títí dòní ni ọkùnrin yẹn ń dúpẹ́ pé gílóòbù kan jó nínú ilé òun, èmi náà sì ń bá a dúpẹ́.

Ọlánipẹ̀kun, ìwọ ni mò ń bá wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. O ra fóònù ńlá fún wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì dá a padà sínú páálí rẹ̀, o wá ń sọ fún gbogbo wa pé aláìmoore ni wọ́n, pé o ò ní débẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ o bi wọ́n rí ní irú èyí tí ojú àti ọwọ́ wọn lè lò? Lọ bá wọn lónìí. Má gbé nǹkan kan dání. Kọ́kọ́ dúpẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ṣe lórí rẹ, kí o tó bi wọ́n. Bí wọ́n bá sì sọ ohun tó ń ni wọ́n lára fún ọ, tún dúpẹ́, nítorí ẹni tí ọkàn wa balẹ̀ sí nìkan la máa ń sọ irú rẹ̀ fún. Mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí kí o bi wọ́n.