Àwẹ̀ró, Ìyàwó Tó Ń Ya Ọnà Sórí Ilẹ̀

Ìyá ọkọ kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé inú ilé kan náà ní ìlú Ìdí-Èlú nígbà àtijọ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí bí ẹ ti gbọ́ ìyá ọkọ àti ìyàwó, ṣùgbọ́n ìtàn ìjà kọ́ nìyí. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, ẹnu ìyá ọkọ ló kàn mú bí abẹ. Aláró ni ìyá náà, Ìyá Àgbà ni gbogbo agboolé sì ń pè é. Aró ti wọ èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ kò lè bó o mọ́. Síbẹ̀, aṣọ kan ṣoṣo tó fẹ́ràn jù láyé, funfun ni. Òun ló ran òwú rẹ̀, òun ló hun ún nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti pinnu pé aṣọ náà kò ní í wọnú aró àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ya ọnà sí i lára.

Ọnà yíyà yìí kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ènìyàn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láfún, òun ni wọ́n fi ń ya ẹyẹ, ewé àti òṣùpá sára aṣọ. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde tó sì gbẹ, wọn á ha ẹ̀kọ náà kúrò, ojú ibi tó wà á sì funfun kedere. Ẹ̀kọ tó bá ti kan aṣọ kò ṣeé nù mọ́. Ẹni tó bá ṣi ọwọ́, ó ti ṣì í nìyẹn. Ìyá kan tó ń jẹ́ Ẹfúnṣeyẹ ló mọ iṣẹ́ náà jù ní ìlú, ọwọ́ Ìyá Àgbà kò sì tó ohun tó ń gbà.

Lọ́dọọdún ni Ìyá Àgbà máa ń yọ aṣọ náà síta, á sá a sóòrùn, á mí kanlẹ̀, á sì ká a padà. Àwẹ̀ró, ìyàwó ilé, rí i títí, àánú ṣe é. Ó lọ bá Ẹfúnṣeyẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

"O ṣeun, ìyàwó wa. Ṣé o ní aṣọ?"

"Aṣọ kẹ̀, Ìyá?"

"Aṣọ funfun tí o máa bà jẹ́. Ẹni tó ń kọ́ ọnà á ba aṣọ jẹ́ rẹpẹtẹ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tọ́. Àṣà ilé wa ni pé kálukú ń ba tirẹ̀ jẹ́."

Àwẹ̀ró kò bínú, nítorí òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ṣùgbọ́n kò ní aṣọ mìíràn ju èyí tó wà nídìí rẹ̀ lọ, ìyẹn kọ́ ló sì máa bà jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń fi bọ́tọ̀ màlúù pa ilẹ̀ yàrá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti í ṣe, ó wo ilẹ̀ náà bó ti tutù tó sì ń dán. Ó ní, "Èyí náà ṣeé bà jẹ́. Bí mo bá bà á jẹ́ lónìí, màá tún un pa lọ́la." Ó ṣa ìyẹ́ adìyẹ kan ní àgbàlá, ó bu ẹfun létí odò, ó pò ó mọ́ omi, ó bá bẹ̀rẹ̀.

Ká má parọ́, kò dára. Akínlàbí ọkọ rẹ̀ ti oko dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwẹ̀ró, kí ni àkèré ń wá lórí igi?"

"Ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ? Bá mi kí i pé ó kú ìrọ́jú."

Ìyá Àgbà tún burú ju ọmọ rẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ ló ń wo ilẹ̀, tí á bi Àwẹ̀ró bóyá ewúrẹ́ ló yà ni àbí àpótí. Ṣùgbọ́n bí arúgbó náà bá fẹ́ jáde, kì í gba àárín yàrá. Á fi ọwọ́ kan ògiri, á máa fẹ̀gbẹ́ rìn jẹ́jẹ́ títí á fi dé ẹnu ọ̀nà, kó má baà tẹ ọnà ìyàwó rẹ̀. Kò fi ẹnu yìn ín rí. Àwẹ̀ró ń rí i bó ti ń rìn, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ẹni tí kò gba ti ọnà rò rárá ni àgbébọ̀ adìyẹ ilé. Ẹfun kì í tíì gbẹ kó tó gba orí rẹ̀ kọjá. Níbẹ̀rẹ̀, igbe ni Àwẹ̀ró fi ń lé e. Nígbà tó sú u, ó kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ adìyẹ: ibi tí adìyẹ bá tẹ̀ á di ewé, á fa ìtàkùn sí i, á ya òdòdó tì í. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, àkèré di ẹyẹ, ẹyẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Nígbà tí ọdún ìjẹṣu ń sún mọ́lé, Ìyá Àgbà gbé aṣọ funfun náà lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́.

"Gbà, ìyàwó. Ya ọnà sí i fún mi."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ilẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n yà sí. Aṣọ yín kan ṣoṣo rèé. Bí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Bí n kò bá rí i lọ́dún yìí, ìgbà wo ni mo tún fẹ́ rí i?" Arúgbó náà tẹ́ aṣọ sí àárín yàrá, ojú ibi tí Àwẹ̀ró ti ń ya ọnà lójoojúmọ́. "Ilẹ̀ rẹ náà nìyí. Jókòó."

Àwẹ̀ró yà á. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ajá lé àgbébọ̀ wọlé. Adìyẹ náà kó sínú igbá ẹ̀kọ, ó sì gba orí aṣọ funfun kọjá láti etí dé etí.

"Yéè! Aṣọ mi o!" ni Ìyá Àgbà ké. Akínlàbí fa ọ̀bẹ yọ, ó ní adìyẹ yìí á sùn nínú ọbẹ̀. Àwẹ̀ró nìkan ni kò ké. Ohun tó mọ̀ jù ló dé yẹn. Ó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ewé, ewé so mọ́ ìtàkùn, ìtàkùn sì gba abẹ́ àwọn ẹyẹ kọjá bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti bà tẹ́lẹ̀.

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ ẹ́ láró. Lọ́jọ́ ìjẹṣu, ó ró o jáde. Ẹfúnṣeyẹ rí i, ó di etí aṣọ náà mú.

"Ìyá, ẹ dúró ná. Kò sí ọnà tí n kò mọ̀ ní ìlú yìí, ṣùgbọ́n n kò rí irú ìtàkùn yìí rí. Ìlú wo lẹ ti kó ẹ̀ṣọ́ yìí wá?"

"Ilé ni mo ti kó o wá."

"Ilé ta?"

"Ilé mi. Bí o kò bá gbà, máa bọ̀."

Ẹfúnṣeyẹ tẹ̀lé e, àwọn obìnrin ọlọ́nà yòókù sì tẹ̀lé Ẹfúnṣeyẹ. Wọ́n bá ọnà àárọ̀ ọjọ́ náà lórí ilẹ̀ yàrá, kò tíì gbẹ tán, Àwẹ̀ró sì kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹfúnṣeyẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí.

"Ìyàwó wa, ibí lo ti ń ba tìrẹ jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àràárọ̀ ni mo ń tún un pa."

Ẹfúnṣeyẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó sì fẹ̀gbẹ́ rìn jẹ́jẹ́ wọnú yàrá náà. Àwọn yòókù bọ́ bàtà, wọ́n tò tẹ̀lé e lára ògiri. Ìyá Àgbà, tí kò yin ìyàwó rẹ̀ rí, ló ń pariwo lẹ́yìn wọn pé: "Ẹ rọra o! Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi ni!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìdí-Èlú, ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé ẹnu àwọn àgbà tiwa, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.