Akíntọ́lá Gba Pápá

Màlúù mẹ́rìnlá ni Alàgbà Oyèékànmí ní lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Gìdáádò, darandaran Fúlàní kan, ni ó ń bá a dà wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ ìgbàlódé dé, Alàgbà ra okùn ọrùn tó ní ẹ̀rọ nínú fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́: Alàgbà á fi ìka fa ààlà sórí àwòrán pápá nínú fóònù rẹ̀. Màlúù tó bá fẹ́ kọjá ààlà náà, okùn á ké sí i létí, á ta á lọ́rùn, màlúù á sì padà.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, àwòrán fi hàn pé gbogbo koríko ti gbẹ, àfi etí odò tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ ni Alàgbà há àwọn màlúù mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Gìdáádò pè é. "Bàbá, ẹ tú wọn sílẹ̀. Wọn ò jẹun. Ẹsẹ̀ abo pupa tó lóyún ti ń gbọ̀n."

"Nínú ewéko tútù báyìí? Ṣebí mo ń wò ó! Ìwọ lo fẹ́ máa rìn káàkiri."

"Ẹ wá wò ó, Bàbá."

"Kí ni mo wá ra ẹ̀rọ sí?"

Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún pè. Ohùn rẹ̀ ń já lórí fóònù. "Bàbá! Akíntọ́lá... ló gba gbogbo ibẹ̀!"

"Ta ní ń jẹ́ Akíntọ́lá? Lórí ilẹ̀ tí mo gbàwé ẹ̀?"

Alàgbà ki ìwé ilẹ̀ bọ abíyá, ó wọkọ̀, ó ń kùn títí ó fi dé pápá.

"Akíntọ́lá ọ̀hún dà? Kó jáde!"

Gìdáádò mí kanlẹ̀. Ó já ewé kan, ó fi lé e lọ́wọ́. Ewé Akíntọ́lá ni, èyí tí a máa ń fún sójú ọgbẹ́, tí màlúù kì í fẹnu kàn. Ó bo etí odò láìku ibì kan. Abo pupa na ọrùn sí koríko gbígbẹ tó wà lódìkejì ààlà; okùn ké, ó gbọ̀n rìrì, ó fà sẹ́yìn.

Ojú ti Alàgbà. Ó pa ààlà rẹ́ kíá. "Kí ló dé tí o ò ṣàlàyé fún mi?"

"Bàbá, mo ní kí ẹ wá wò ó."

 Alàgbà tú okùn lọ́rùn abo pupa, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ já koríko fún un.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ìròyìn kò tó àfojúbà.