Kíláàsì Ṣijúadé Lóko Olóyè

Olóyè Fátókun ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ Ṣijúadé láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà, tí í ṣe àbúrò rẹ̀, ti kú, àmọ́ nígbà tí ọmọ wọ kíláàsì àgbà, olóyè ní ìnáwó náà ti pọ̀ jù: "Bí o bá fẹ́ kí n máa náwó lọ, máa wá roko mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, o kò sì gbọdọ̀ pa kíláàsì jẹ lọ́jọ́ kan." Ṣijúadé kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, bàbá. Ta ni yóò wá máa fún mi lóúnjẹ ọ̀sán?" Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ẹnikẹ́ni tó bá roko mi, èmi ni mo ń bọ́ ọ." Ni ọmọ bá lọ bá olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn, tó ti ń wá oko tí yóò fi kọ́ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, gbogbo kíláàsì ti dé pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n ń roko, wọ́n ń bi olùkọ́ ohun tó mú kí ewé àgbàdo pọ́n. Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, wọ́n tò síwájú olóyè pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Ta nìwọ̀nyí?" "Kíláàsì mi ni, bàbá. Ẹ ní n kò gbọdọ̀ pa á jẹ." "Títí dìgbà wo?" "Títí a ó fi jáde ìwé mẹ́wàá ni, bàbá." Olóyè wo ìkòkò iṣu rẹ̀, ó wo àwọn tó tò lọ bí eèrà. "Ṣijúadé," ó ní, "kó wọn padà sílé-ìwé. Owó ọmọ kan kò wọ́n rárá."