Ìgò Tí Àkàngbé Dà Nù

"Ẹnu ẹmu kọ́ la fi ń dájọ́ wáìnì." Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ tẹ̀dó sí ìhà gúúsù Ọsirélíà, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò gbọ́ òwe yìí rí. Wọ́n ń pa á níbi ìkómọ, wọ́n ń pa á níbi tí tọkọtaya bá ti ń tahùn síra wọn. Àwọn ọmọ tí kò fojú kan igi ọ̀pẹ rí pàápàá ń fi í dá ara wọn lóhùn. Àmọ́ ta ni nínú yín ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí àwa tí a mọ̀ ọ́n tó tán nílẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àkàngbé, ọmọ Ìpetumodù. Adẹ́mu ni bàbá rẹ̀. Kí Àkàngbé tó mọ̀wé kà ló ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu tó dára àti èyí tó ti bàjẹ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ kò pọ̀: ẹmu òwúrọ̀ ló dùn, ẹmu àná ti di kíkan, èyí tí atẹ́gùn bá sì ti wọ̀ kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn mọ́. Ó tún kọ́ ọ ní ìwà. Bí ọmọ adẹ́mu bá tọ́ ẹmu àgbà wò, tó rí i pé ó ti kan, kò gbọdọ̀ pariwo. Kó rọra gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, kó dà á sídìí igi, kí ojú má baà ti àgbà náà níwájú àlejò. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ẹ̀kọ́ rere yìí náà ló sì kó bá a.

Nígbà tí Àkàngbé dé ìlú Adiléèdì ní Ọsirélíà níbí, ó pàdé Àwẹ̀ró, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Bàbá Ọláìtán, bàbá Àwẹ̀ró, ní ọgbà àjàrà kékeré kan ní àfonífojì tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Àjàrà dúdú tí wọ́n ń pè ní ṣíràsì ló ń gbìn, wáìnì pupa ló sì ń fi í ṣe. Òun àti Ibíyẹmí ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ kórè, oyún Àwẹ̀ró wà nínú Ibíyẹmí. Síbẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ àjàrà. Kò pẹ́ tó bímọ tán tó fi kú.

Wáìnì ọdún yẹn tán nílẹ̀ àfi ìgò kan. Bàbá Ọláìtán gbé e pa mọ́ sínú òkùnkùn abẹ́ ilé. Ó ní ọjọ́ tí ẹni tí yóò fẹ́ Àwẹ̀ró bá wá ni òun yóò ṣí i, kí ọmọ náà lè fẹnu kan iṣẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Inú fọ́tò nìkan ni Àwẹ̀ró ti mọ ìyá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń retí ìgò yìí. Àkàngbé ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Àkàngbé lọ fara han àna rẹ̀. Àwẹ̀ró kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Bàbá Ọláìtán gbé ìgò mẹ́ta sórí tábìlì ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ọdún ìkórè wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní ọmọ adẹ́mu ni ọ́," ni Bàbá wí. "Ṣé ìwọ náà ń gun ọ̀pẹ?"

"Rárá, sà. Bàbá mi ló ń gùn ún. Èmi máa ń dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú igbá."

"Ọlọ́gbọ́n ni ọ́. Ṣé o ti mu wáìnì pupa rí?"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe wáìnì. Omi ìrònúpìwàdà nìyẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti èṣí. Ó pọ́n dẹ̀ẹ̀ bí omi ìṣápá, ó ń ta sánsán bí ìyeyè tó jábọ́ fúnra rẹ̀, dídùn rẹ̀ kò sì fara pa mọ́. Inú Àkàngbé dùn: èyí jọ ẹmu òwúrọ̀. Èkejì jẹ́ ti ọdún tí ọ̀dá dá. Iyèré ló kọ́kọ́ ta á nímú, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bí èéfín gba ọ̀fun rẹ̀ lọ.

"Bàbá, èyí ń bá mi jà."

"Ọdún yẹn bá gbogbo wa jà," ni Bàbá dáhùn.

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ọwọ́ Bàbá rọ̀. Ó yọ kọ́ọ̀kì rẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ìkókó. Ó bu díẹ̀ sínú ife Àkàngbé kó fi wo àwọ̀ rẹ̀. Àfi bí fóònù ṣe dún: Àwẹ̀ró ti dé ibùdókọ̀ ojú irin.

"Jẹ́ kó máa gba atẹ́gùn," ni Bàbá wí bó ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Ìtàn rẹ̀ ń bá Àwẹ̀ró bọ̀."

Ó ku Àkàngbé nìkan. Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Kó gba atẹ́gùn kẹ̀? Nílé wọn, bí wọ́n ṣe ń pa ọtí nìyẹn. Ó gbé ife sókè. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń jọ ti irin tó dípẹtà. Kò hó, kò rú. Òórùn ewé tútù tó ti rà ló gbọ́ níbẹ̀. Ó fi kan ẹnu, ó sì fún ahọ́n rẹ̀ pọ̀ bí orógbó, kò sí dídùn kankan níbẹ̀.

"Ó ti kan," ló wí fún ara rẹ̀.

Àánú àgbà náà ṣe é. Ó rò ó pé Bàbá yóò wọlé tàyọ̀tàyọ̀, yóò bu ọtí kíkan fún ọmọ rẹ̀ lójú ẹni tó wá tọrọ rẹ̀. Ó gbé ìgò náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó dà á sídìí igi ólífì kan, tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìgò padà sáàyè rẹ̀. Ti inú ife nìkan ni kò dà nù, nítorí ohun tí àgbà bá bù síni lọ́wọ́, a kì í dà á sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Àwẹ̀ró kò tíì kí ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ fi lọ sórí tábìlì.

"Bàbá, òun nìyẹn?"

Bàbá gbé ìgò náà. Ó fúyẹ́.

"Ta ló mu ún?"

Àkàngbé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ó ti kan ni. Mo dà á nù kí ojú má baà tì yín."

Bàbá wá àga, ó jókòó.

"Kò kan, ọmọ mi. Ó ń sùn ni. Atẹ́gùn ni ì bá jí i." Ó wá sọ ìtàn ẹsẹ̀ tó tẹ àjàrà náà fún un.

Àwẹ̀ró gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ilẹ̀ ti mu ún tán. Nígbà tó padà, ó gbé ife Àkàngbé, ó mu ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì dijú. Ó na ìyókù sí bàbá rẹ̀.

"Fún un," ni Bàbá wí. "Kó mọ ohun tó dà nù."

Àkàngbé tọ́ ọ wò. Ọtí náà ti jí. Iyèré wà níbẹ̀, èéfín wà níbẹ̀, dídùn kan sì tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún. Ẹnu kan péré ni. Ó tán.

"O ò bi wá," ni Àwẹ̀ró wí.

Bàbá kò bínú. "Ẹnu ẹmu kọ́ la fi ń dájọ́ wáìnì," ló sọ, ó sì fi omi lásán súre fún wọn. Wọ́n fẹ́ra. Àkàngbé kọ́ iṣẹ́ ọgbà náà lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń tọ́ wáìnì ọdọọdún wò. Ọdún kan ń dùn, ọdún kan ń le, ṣùgbọ́n kò tún pàdé ẹnu kan yẹn mọ́. Igi ólífì náà ń so. Àkàngbé kì í jẹ nínú èso rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá fi ìwọ̀n ilé rẹ̀ wọn ohun ilé onílé, tó sì ti dájọ́ kó tó béèrè. Ìyàwó tó ń pe àṣà ilé ọkọ ní ìranù, wọ́n á pa á fún un. Ọmọ tó fẹ́ ju ẹrù àgbà nù nítorí pé ó ti gbó, wọ́n á pa á fún un. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń pa á, wọ́n sì máa ń yára pa á, nígbà tí ìgò ṣì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, tí kò tíì dé ìdí igi.